Ǹjẹ́ A Lè Fi Ìtẹ́lọ́rùn Ọ̀dọ́langba Kambolé Wé Ti Ọ̀dọ́langba Tokyo?

Lọ́dún 2015, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò PISA ti àjọ OECD, tó ń fi ẹ̀kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè wéra, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 15 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìbéèrè kan tí kò jẹ mọ́ ìṣirò tàbí ìwé kíkà. Wọ́n ní kí oníkálukú mú nọ́ńbà kan, láti òdo dé mẹ́wàá, láti fi sọ bí ìgbé ayé rẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó lásìkò náà. Nígbà tí èsì jáde, àwọn ọmọ Dominican Republic mú 8.5 ní ìpíndọ́gba, àwọn ti Mexico mú 8.3. Àwọn ọmọ Japan, tí wọ́n wà lára àwọn tó mọ ìṣirò jù láyé, mú 6.8, àwọn ti Kòríà Gúúsù mú 6.4, àwọn ti Turkey ló wà nísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú 6.1. Ẹni tó bá ka irú èsì báyìí kò ní ṣàì béèrè pé, àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Ká ní a mú ọmọ ọdún 15 kan láti Kambolé, ìlú tó wà ní agbègbè Tchamba ní àárín gbùngbùn Tógò, lẹ́bàá ẹnubodè Benin, tí èdè ẹnu wọn bá Yorùbá tan, ibo ni yóò bọ́ sí láàárín ọmọ Tokyo àti ọmọ Santo Domingo, olú ìlú Dominican Republic? Tógò kò sí nínú PISA títí dé ti ọdún 2022. Ìdánwò PASEC tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 2014 àti 2019, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà fún, ìwé kíkà àti ìṣirò ló sì ń wò. Nítorí náà, kò sí nọ́ńbà kan nílẹ̀ tí a lè fà yọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé bí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ wà, kíkà á nìkan kò tíì tó. Ìdáhùn ni ó jẹ́ kó tó di ìgbé ayé, ìdáhùn sì ní bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ìdùnnú ni bí ara ṣe rí lánàá tàbí láàárọ̀ yìí: ẹ̀rín, ìbínú, àárẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ìtẹ́lọ́rùn ìgbé-ayé níhìn-ín yàtọ̀ sí i. Ìdájọ́ ni. Èèyàn yóò kó gbogbo ọ̀ràn ara rẹ̀ jọ, yóò gbé e lé orí ohun tó kà sí ayé tó dáa, yóò wá sọ ibi tó dé. Irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fún un ni àkàbà tí Hadley Cantril, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde nínú ìwé kan lọ́dún 1965, lẹ́yìn ìwádìí ní orílẹ̀-èdè bíi mẹ́rìnlá tí Nàìjíríà wà lára wọn. Wọ́n á ya àkàbà sínú káàdì. Òkè pátápátá, mẹ́wàá, ni ayé tó dáa jù tí ìwọ fúnra rẹ lè ní. Ìsàlẹ̀, òdo, ni èyí tó burú jù. Wọ́n á ní kí o fọwọ́ kan ibi tí o dúró. Ilé iṣẹ́ Gallup ti ń gbé àkàbà yìí káàkiri ayé láti ọdún 2005, fún ẹni ọdún 15 sókè. Ìwádìí HBSC lórí ìlera àwọn ọmọ ilé ìwé, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù lọ́dún 1983, ń lò ó fún àwọn ọmọ ọdún 11, 13 àti 15. Ìwádìí MICS tí UNICEF ń ṣe pẹ̀lú àwọn ìjọba, tí wọ́n ṣe ní Tógò lọ́dún 2017, náà ní àkàbà nínú ìwé ìbéèrè rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti ojú tó fà ro.

Ìbéèrè kan péré, àmọ́ iṣẹ́ tó ń gbé fún ọpọlọ pọ̀. Ọpọlọ gbọ́dọ̀ rántí, kó fi wéra, kó sì sọ ohun tó rí di nọ́ńbà, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò sí àyè láti rántí ohun gbogbo, nítorí náà ohun tó sún mọ́ ọn ló máa ń kọ́kọ́ mú. Lọ́dún 1988, Fritz Strack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ní ìbéèrè méjì: báwo ni inú rẹ ṣe dùn tó sí ayé rẹ, àti pé báwo ni o ṣe máa ń bá ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ọ̀rẹ́bìnrin jáde tó. Nígbà tí ti ìgbé ayé ṣáájú, èsì méjèèjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn tan. Nígbà tí ti ọ̀rẹ́ ṣáájú, wọ́n so mọ́ra bí ìbejì. Àwọn tó tún irú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà rí i pé ipa títo ìbéèrè kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nítòsí ṣì lè wọnú ìdáhùn.

Kí ni ó wà nítòsí ní Kambolé? Ẹ fojú inú wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ. Ìwé ìbéèrè wà lédè Faransé, èdè ilé ìwé, ẹni tó gbé e wá ní láti fi èdè ìlú túmọ̀ rẹ̀ kó tó yé gbogbo ilé. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, àlejò na káàdì sí i. Ìyá rẹ̀ ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí i, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti fà díẹ̀. Àwọn àbúrò ti kó jọ láti wo àwòrán àkàbà. Ó na ìka sí ẹ̀kẹrin, ó wo ìyá rẹ̀, ó gbé ìka sókè dé ẹ̀keje. Ta ni yóò bá a wí? Bí ó bá mú mẹ́rin, á dà bíi pé ó ń tú àṣírí ilé fún àjèjì, tàbí pé oore àwọn òbí kò jọ ọ́ lójú. Ní ìlú bíi Sokodé, ọ̀kan lára àwọn ìlú tó tóbi jù ní Tógò, tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ọpẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ láti fi dá ìkíni lóhùn, kó tó wá sọ ohun tó ń dùn ún. Ìlànà iṣẹ́ ní kí a bá ẹni tí à ń bi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá mọ agbo ilé mọ bí ìkọ̀kọ̀ ṣe ṣòro rí tó níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbọ́, àṣà ìdáhùn pàápàá yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Lọ́dún 1995, Chuansheng Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé ìbéèrè tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama Japan, Taiwan, Kánádà àti Amẹ́ríkà wéra. Àwọn ọmọ Japan àti Taiwan ń fẹ́ mú àárín. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń fẹ́ mú ìpẹ̀kun ju àwọn yòókù lọ. Ìyẹn ni pé díẹ̀ lára 6.8 ti ọmọ Japan lè jẹ́ ìwà ìmẹ̀tọ́mọ̀wà tó ń yẹra fún àṣejù. Ẹni tó bá ń náwó lọ́jà Tchamba àti lọ́jà Sokodé yóò tètè lóye èyí. Abọ́ tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo níhìn-ín lè má bá ti ọ̀hún dọ́gba. Ọ̀kan jìn, ìdí ọ̀kan tẹ́, ọ̀kan sì wà tí ìyàwó olóko máa ń bù kún títí yóò fi máa ṣubú. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ra abọ́ mẹ́fà, tí èkejì sì sọ pé òun ra mẹ́jọ, a kò tíì mọ ẹni tí àgbàdo rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ìwọ̀n ní orúkọ fún ohun tí à ń wá: kí òṣùwọ̀n dúró lójú kan ní gbogbo ibi tí a gbé e dé. Mo lè pè é ní ìdúróṣinṣin òṣùwọ̀n. Bí kò bá sí, ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè méjì kò ṣeé fi wéra, bí ó ti wù kí ẹni tí wọ́n bi pọ̀ tó.

Èyí tó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọmọ náà ń fi ara rẹ̀ wé. Kò sí ẹni tó ń fi gbogbo ayé wọn ara rẹ̀. Àwọn tó yí i ká ló fi ń wọ̀n ọ́n. Steven Heine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn lọ́dún 2002. Àwọn tó mọ Ìlà Oòrùn Éṣíà àti Àríwá Amẹ́ríkà dáadáa gbà pé àṣà Ìlà Oòrùn Éṣíà ń gbé ẹgbẹ́ lékè ẹnì kọ̀ọ̀kan ju ti Àríwá Amẹ́ríkà lọ, síbẹ̀ ìwé ìbéèrè kì í sábà fi ìyàtọ̀ náà hàn, nítorí ọmọ Japan ń fi ara rẹ̀ wé ọmọ Japan, ọmọ Amẹ́ríkà ń fi ara rẹ̀ wé ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹ gbé ìyẹn wá sí àárín gbùngbùn Tógò. Ọmọ Kambolé tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tó ń retí ìwé ẹ̀rí CFA tó ń fòpin sí iṣẹ́ kíkọ́, ń wo àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sokodé, tó ń múra ìdánwò BEPC tó ń parí ìpele àkọ́kọ́ girama, ń wo àwọn tó ti wọ ọdún ìkẹyìn ní girama, ó ń wo ẹni tó ní fóònù tó dára ju tirẹ̀ lọ, ó sì ń wo fọ́tò ẹ̀gbọ́n ẹnì kan tó wà ní Jámánì. Ó ṣeé ṣe kí ti Sokodé rí oúnjẹ, iná àti dókítà ju ti Kambolé lọ, kó sì mú nọ́ńbà tó kéré. Irọ́ kọ́ ló pa. Ibi tí ó gbé òkè àkàbà rẹ̀ sí ló ga jù.

Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n dá sí ìṣòro yìí, mo sì kà á sí èyí tó dára jù. Gary King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde lọ́dún 2004. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtàn àfiwọ̀n. Wọ́n ti bi àwọn ará Ṣáínà àti Mexico bí ohùn wọn ṣe tó nínú ọ̀ràn ìjọba. Ìyàlẹ́nu ni pé àwọn ará Ṣáínà ló sọ pé ohùn àwọn pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Mexico ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbò lé ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń ṣàkóso fún àádọ́rin ọdún lọ ni. Wọ́n wá ka ìtàn kan náà fún ìhà méjèèjì, nípa ẹni tí àdúgbò rẹ̀ kò ní omi tó dára àti ohun tó lè ṣe sí i, wọ́n ní kí oníkálukú fi nọ́ńbà sí i. Nígbà tí wọ́n fi ìdáhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan nípa ara rẹ̀ wé ìdáhùn rẹ̀ nípa ìtàn, ipò yí padà: Mexico ló lékè. Àgbàdo kan náà ni wọ́n dà sínú abọ́ méjèèjì kí wọ́n tó kà á.

Ó rọrùn láti mọ bí a ṣe lè ṣe é ní agbègbè Tchamba. Ka ìtàn yìí fún ọmọ náà: ọmọ ọdún 15 kan wà, ó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ara rẹ̀ le, ó ní ọ̀rẹ́ méjì tó fọkàn tán, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti rìnrìn àjò tipẹ́, bó bá sì ti ilé ìwé dé, ó gbọ́dọ̀ ta omi inú ọ̀rá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ibo ni ọmọ inú ìtàn yìí dúró lórí àkàbà? Ká ní ọmọ Kambolé fi í sí méje, ti Sokodé fi í sí mẹ́rin, tí àwọn méjèèjì sì ti fi ara wọn sí mẹ́fà. Mẹ́fà àti mẹ́fà kò dọ́gba mọ́. Ti Kambolé ń sọ pé ọmọ inú ìtàn sàn ju òun lọ; ti Sokodé ń sọ pé òun sàn ju ọmọ inú ìtàn lọ. Ìsọfúnni tí ìpíndọ́gba ìbá gbé mì ti jáde síta, láìsí pé a fi ẹ̀sùn irọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ìtàn náà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí ohun kan náà níbi méjèèjì, èyí kì í sì í rọrùn: níbi tí àwọn bàbá ti sábà ń rìnrìn àjò, àìsí bàbá nílé lè má wúwo tó bí ó ti wúwo níbòmíràn. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Àfiwé kejì wà tí kò tilẹ̀ nílò pé kí òṣùwọ̀n dọ́gba tó bẹ́ẹ̀: kí a wo ohun tí ìtẹ́lọ́rùn so mọ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Nansook Park àti Scott Huebner ṣe é lọ́dún 2005 láàárín àwọn ọ̀dọ́langba Kòríà àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mú nọ́ńbà tó ga jù, kò yani lẹ́nu. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ ṣe rí ara rẹ̀ ń bá ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ rìn ju bó ṣe rí ní Kòríà lọ. Ní Kòríà, bí ilé ìwé ṣe ń lọ ni ipa rẹ̀ lágbára ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, Ed Diener àti Marissa Diener ti rí irú rẹ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè 31: ìyì tí èèyàn fún ara rẹ̀ so mọ́ ìtẹ́lọ́rùn gan-an níbi tí àṣà ti gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan lékè, ìsopọ̀ náà sì dẹ̀ níbi tí ẹbí àti agbo ti lékè. Bí a bá fẹ́ mọ àwọn ọmọ Kambolé, ìbéèrè tó lérè ni pé kí ló ń gbé wọn sókè, kí ló ń fà wọ́n wálẹ̀? Àbí ìkórè iṣu ni, àbí pé ìyá rí owó ẹ̀kọ́ san, àbí pé ọ̀gá iṣẹ́ kò nà wọ́n? Èrò tèmi ni pé ipò ọmọ nínú ẹbí, bí wọ́n ṣe kà á sí ẹni tó wúlò, yóò wúwo ju ohun tó rò nípa ara rẹ̀ nìkan lọ. Ìwádìí ló lè sọ bóyá òótọ́ ni.

Àwọn kan á ní mo ń fi ọgbọ́n bo owó mọ́lẹ̀: tálákà ni tálákà, bí owó bá dé, ìtẹ́lọ́rùn á dé. Owó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Nínú ìròyìn ìdùnnú ayé ti ọdún 2015, tó jẹ́ pé àkàbà Gallup ni wọ́n fi ṣe é láìka orúkọ rẹ̀ sí, orílẹ̀-èdè 158 ni wọ́n tò, Tógò ló gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè ṣàlàyé bí Dominican Republic ṣe wà lókè Japan. Kò sì ṣàlàyé ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2024, níbi tí wọ́n ti bi àwọn èèyàn tó sún mọ́ 3,000 ní àwùjọ kéékèèké 19 tí owó kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún, tí ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 6.8, tó súnmọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Àkàbà fúnra rẹ̀ tún lè máa fa ọkàn sí owó: lọ́dún 2024 kan náà, àwọn onímọ̀ kan fi hàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá ya àkàbà síwájú èèyàn, ọlá àti agbára máa ń wá sí i lọ́kàn ju ìgbà tí wọ́n yọ àkàbà kúrò nínú ìbéèrè lọ.

Àwọn mìíràn á gba ọ̀nà kejì yọ. Wọ́n á ní tálákà ti mọ́ ipò rẹ̀ lára, nítorí náà ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel, ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí ìyà ti jẹ pẹ́ lè dín ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kù kó lè rọ́jú. Ìkìlọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n Tógò kan náà ni ẹ̀rí tó tako àsọdùn rẹ̀. Bí ìyà bá máa ń mọ́ni lára tó bẹ́ẹ̀, Tógò kò ní gbẹ́yìn lọ́dún 2015. Nígbà tó sì di ìròyìn ọdún 2018, òun ni orílẹ̀-èdè tó gòkè jù lọ, ó fi ipò 17 kúrò nísàlẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ ìgbà tí ara ni wọ́n, wọ́n mọ ìgbà tí ó dẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí a kó gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí dà nù. Ní ibi kan náà, pẹ̀lú abọ́ kan náà, láti ọdún dé ọdún, wọ́n ń sọ òótọ́ tó wúlò. Ìpíndọ́gba àwọn ọmọ ọdún 15 ní àwọn orílẹ̀-èdè OECD jẹ́ 7.3 lọ́dún 2015, ó di 7.0 lọ́dún 2018, ó sì tún wálẹ̀ lọ́dún 2022. Àṣà ìdáhùn kì í yí padà ní ọdún mẹ́ta. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ náà. Ìròyìn ìdùnnú ayé ti ọdún 2024 rí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí ìtẹ́lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ ti wálẹ̀ ju ti àwọn àgbà lọ.

Ohun kan ló kù tó lè tan òǹkàwé jẹ: àwọn tí wọn kò bi. Inú kíláàsì ni PISA ti ń bi ọmọ. Ní Mexico lọ́dún 2015, nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ni ìdánwò náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn yòókù kò sí nínú 8.3 náà. Gallup ń lọ sí ilé ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ni ó sábà ń bi lọ́dún kan ní orílẹ̀-èdè kan, bẹ́ẹ̀ ìkànìyàn ọdún 2022 rí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ní Tógò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò ti agbègbè Tchamba wá nínú ẹgbẹ̀rún náà, ó sì ṣeé ṣe kí ìka ọwọ́ kan tó láti ka àwọn ọ̀dọ́langba inú wọn. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà Tógò sọ bí ọmọ Kambolé ṣe ń gbé ayé rẹ̀ ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ náà.

Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára àwọn tó wà nílé. Ẹ̀yin olùkọ́ girama ní Sokodé, ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ ní Tchamba, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kambolé tó wà ní yunifásítì Lomé àti Kara: ẹ kọ ìtàn àfiwọ̀n mẹ́ta sílẹ̀ ní èdè tí àwọn ọmọ ń sọ nílé, ẹ bi àwọn tó wà ní kíláàsì àti àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà oníṣẹ́ ọwọ́ àti lóko, lẹ́yìn etí àwọn òbí, kí ẹ sì tún bi wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀.